Ohùn Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Wọ Etí Ọmọ

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí sùúrù ọmọ aráyé ti kéré tó, kí ó wá akólòlò kan, kí ó jókòó tì í, kí ó máa wo ojú àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó lè dúró de ọkọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí láìráhùn, kò ní lè dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọnìkejì rẹ̀. Yóò já ọ̀rọ̀ náà gbà, yóò bá a parí ẹ̀, ohun tí ẹni ẹlẹ́ni ò ní lọ́kàn ni yóò sì fi parí ẹ̀. Yóò wá rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé oore ló ṣe.

Rìlwánù mọ gbogbo wọn tinú tẹ̀yìn. Iṣẹ́ fọkanáísà ló ń ṣe ní Òrè, lẹ́bàá títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ ti máa ń yà jẹun kí wọ́n tó forí lé Bìní. Kò sí irú táyà tí kò lè lẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí túùbù, tó rì í bọ omi, tó rí ibi tí omi ti ń hó, ó ti mọ ohun tó gún un. Ṣùgbọ́n kí ó tó wí pé ìṣó ni, ó di wàhálà. Á ṣe "ì-ì-ì," ojú rẹ̀ á pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ. Awakọ̀ á ní, "Ìgò ni?" Ọmọ ọkọ̀ á ní, "Irin ni?" Ẹnì kan á sì pariwo látẹ̀yìn pé, "Àbí ìjọba ni?" Ẹ̀rín á ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi òwe tù ú nínú: "Ọ̀gá, ẹ máa rọra. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Òwe tó dára ni, kò sẹ́ni tó ní kò dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń pa á fún Rìlwánù, kò tí ì sí ẹni tó bèèrè pé bí akólòlò fúnra rẹ̀ bá di baba ńkọ́.

Àbúrò rẹ̀, Àzíìz, ni Ọlọ́run wá da ẹnu àwọn méjèèjì fún. Agbèrò ni ní gáréèjì. Ọkọ̀ tí kò tí ì sí ẹ̀dá alààyè nínú rẹ̀, Àzíìz á lu ara ọkọ̀ náà pẹ̀ẹ́, á ní ó ku ẹnì kan ṣoṣo, àwọn èrò á sì máa sáré bọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ẹni tó fẹ́ lọ Ondó lè ṣàdédé bá ara rẹ̀ lọ́nà Bìní. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́ba. Láti kékeré ló ti máa ń bá a ra ọjà, tó ń bá a kí àgbà, tó ń bá a tọrọ àforíjì. Òun náà ló bá a dẹnu ìfẹ́ kọ Fàtíà, tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì. Nígbà tí Fàtíà sì gbà, Àzíìz ló tún bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúpẹ́.

Fàtíà pẹ́ kó tó bímọ. Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ léraléra, tó fi jẹ́ pé bí ó bá gbé búrẹ́dì kiri, àwọn obìnrin gáréèjì kì í bi í léèrè ilé mọ́, kí wọ́n má bàa dá egbò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan wá dúró, tí ikùn yọ, Rìlwánù bẹ̀rẹ̀ sí í múra ohun kan sílẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwa Mùsùlùmí, bí a bá ti bímọ, baba ọmọ ló yẹ kó pe ìrun sí i létí ọ̀tún, kí orúkọ Ọlọ́run lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò gbọ́ láyé. Ìyẹn ló ń dà á láàmú. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é kí ó wá lẹ táyà ọ̀kadà àgbẹ̀ kan ní Omifunfun, àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ sì ká a mọ́ àárín oko kòkó nígbà tó ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Ó ṣe àlùwàlá nínú odò, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó ní kí òun kàn dán an wò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn, tó ń gbé e lọ sókè, tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ò kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é dé òpin. Kò gbà á gbọ́, ó tún un pè. Ó wá jókòó sídìí igi kòkó, ó sì sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ráyè, á wá igbó kan wọ̀ lọ, á lọ pe ìrun fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó ya gbogbo wọn lẹ́nu lọ́jọ́ tí Fàtíà bá bí.

Ọsibítù kan ní Òrè ni Fàtíà bí sí. Ọmọbìnrin ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde, Rìlwánù ti ṣe àlùwàlá, ó ti dé fìlà, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, Sàádátù, tó ń ta epo pupa ní Odigbo níbi tí gbogbo wọn ń gbé, wà níbẹ̀. Àzíìz náà wà níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e fún àbúrò rẹ̀," ni Sàádátù wí.

"Mo l-l-l-l..." ni Rìlwánù ń wí.

"Mo mọ̀, ìwọ lo lọ́mọ," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ta ló ń bá ẹ du ọmọ? Ìrun la fẹ́ pè sí i létí. Àzíìz, gba ọmọ."

Kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. "Mo lè pè é" ló fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ó wá há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́, ó pa ojú dé. Ohùn àbúrò rẹ̀ ló ń gbọ́, tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí ọmọ tí òun bí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Àzíìz ti pè é tán, ó ti ń fi ọmọ lé ìyá àgbà lọ́wọ́.

"Mo lè pè é," ni Rìlwánù wí.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó bi í pé kí ló fẹ́ pè.

Ẹ má tí ì dá Sàádátù lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí ó bí Rìlwánù, ọkọ rẹ̀ ò sí nílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan tó ń kólòlò ló pe ìrun sí ọmọ létí. Nígbà tí ọmọ wá la ohùn, tí ó ń kólòlò, gbogbo ilé ní àwọn ti mọ̀, ṣebí ohùn tó bá kọ́kọ́ wọ etí ọmọ lọmọ ń mú dàgbà. Kò sẹ́ni tó rò ó wò pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn lára àgbà yẹn àti ọmọ. Sàádátù gbé ẹ̀bi náà rù, ó ní òun lòun dákẹ́ tí wọ́n fi pè é. Ojú rẹ̀ sì rí nǹkan lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí ó máa fi ìgbákọ lu ọmọ lẹ́nu láràárọ̀, ó lù ú. Wọ́n ní kí ó máa dẹ́rù bà á láìròtẹ́lẹ̀ kí ahọ́n rẹ̀ lè já, ó dẹ́rù bà á. Nígbà tí tíṣà kan gbé Rìlwánù dúró sórí tábìlì pé kí ó kàwé, tí gbogbo kíláàsì ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò jáde, títí ó fi tọ̀ sára, ìyá yìí ló fi epo sílẹ̀ lọ́jà tó lọ fa tíṣà náà láṣọ ya. Rìlwánù ò padà sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn sì wà lọ́kàn Sàádátù títí ó fi di ìyá àgbà.

Lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n sọ ọmọ ní Karimat. Nígbà tí àwọn àlejò jẹun tán, Sàádátù pe Rìlwánù lọ sẹ́yìnkùlé, láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì epo, ó sì kúnlẹ̀ fún un. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Rìlwánù fẹ́ gbé e dìde, ìyá dì í lẹ́sẹ̀ mú.

"Rìlwánù, pípe ìrun nìkan ò tó," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ lọmọ ń gbọ́ ohùn. Mo fi ọmú tó o mu láyà mi bẹ̀ ẹ́, má sọ̀rọ̀ létí ọmọ yìí títí yóò fi la ohùn. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ geere, kò séwu mọ́. Àbí o fẹ́ kí wọ́n gbé òun náà sórí tábìlì?"

Rìlwánù wo orí ìyá rẹ̀, tí ewú ti gbà, nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ pọ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun lè pe ìrun, pé ní Omifunfun, ahọ́n òun ò kọ́ rárá. Ó fẹ́ bi í pé ta ni yóò máa bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni yóò sọ ọ́ tán, kí orúnkún ìyá tó dá? Ó mi orí pé òun gbà.

Báyìí ni ó ṣe di odi nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré ni, kí ó dán an wò. Ọmọ á sunkún, o ò gbọdọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí ọ, o ò gbọdọ̀ kí i. Rìlwánù ń súfèé fún un, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń yọ ojú, ó ń fi ìka rìn lórí ikùn rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ó wá, á gbá itan rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ó má fọwọ́ kan iná, á mi orí. Bí ó bá ti Òrè dé nírọ̀lẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn ògiri ilé, á pe "Ka-Ka-Karimat" sínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, á nu ẹnu, á wá wọlé. Àwọn tó ń kọjá rò pé àdúrà ló ń ṣe.

Fàtíà ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà. Nígbà tí wọ́n bá ku àwọn méjì, tí ọmọ ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, á ní, "Bàbá Karimat, ẹ jẹ́ ká fara dà á. Bó bá ti là á já, ẹ ó sọ̀rọ̀ títí ó fi máa sú yín." Rìlwánù á rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ ló ń sunkún.

Karimat tètè la ohùn, ẹnu rẹ̀ sì dùn bíi ti Àzíìz. Kò tí ì lè rìn dáadáa tó fi ń dúró lójúde tó ń ké pé "Ó ku ẹnì kan!" fún àwọn adìẹ. Ilé a máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi di ikùn mú. Sàádátù á gbé e sókè, á ní, "Ẹ ò rí i? Ohùn Àzíìz ló mú." Rìlwánù ní ó tó àkókò. Ìyá ní kí eyín ọmọ pé ná. Eyín pé, ìyá ní kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ná, ọmọ ọdún méjì ṣì lè yí padà. Nígbà tó yá, ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ná. Rìlwánù ń dúró. Ẹni tí gbogbo ayé ò lè dúró dè ni wọ́n wá ní kí ó máa dúró de ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún jù ni ọjọ́ tí Fàtíà mú Karimat wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Òrè, tó sì fi í sílẹ̀ lọ ta búrẹ́dì. Awakọ̀ kan gbé táyà wá, ó ń bá Rìlwánù sọ̀rọ̀, Rìlwánù ń mi orí, ó ń na ọwọ́, nítorí ọmọ wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dá mi lóhùn nísinsìnyí," ni awakọ̀ náà wí.

"Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀," ni Karimat dá a lóhùn, ó jókòó sórí táyà tó ń mi ẹsẹ̀. "Ohùn ò sí lẹ́nu wọn."

Ojú awakọ̀ náà rọ̀. Ó ní, "Ẹ máa bínú o, ọ̀gá," ó sì rọra dúró títí Rìlwánù fi ṣe tán. Nígbà tí ó ń lọ, ó ra bisikíìtì fún ọmọ. Rìlwánù rí i pé kò sẹ́ni tó fi òun ṣẹ̀sín lọ́jọ́ náà. Àṣé odi ni wọ́n ń ṣàánú, akólòlò ni wọ́n ń rín. Kò mọ̀ pé Karimat náà ń wò, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ní Odigbo nígbà tí nǹkan yí padà. Wọ́n ń jẹ pùpùrú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Karimat ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. "Àǹtí wa ní kí-kí-kí-kí..." Ó dúró, ó gbé itọ́ mì. "Kí-kí-kí gbogbo wa jókòó."

Ọwọ́ Sàádátù dúró sínú àwo ọbẹ̀.  Wọ́n rò pé eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é, nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ ò ní kọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Sàádátù fa Rìlwánù lọ sẹ́yìnkùlé, síbi tí ọmọ ò ti ní gbọ́. Fàtíà tẹ̀ lé wọn.

"Ìgbà wo lo bá a sọ̀rọ̀?" ni ìyá bi í.

Rìlwánù mi orí pé rárá.

"Rìlwánù, èmi ni mo bí ẹ. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ. Sọ òótọ́ fún mi. Ìgbà wo lo bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀?"

"M-m-mi ò... Mo f-fi A-A-Al..." Ó fẹ́ fi Àlùkùráánì búra.  Òógùn bò ó.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀," ni Sàádátù wí, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, ṣé ó máa nira tó báyìí láti sọ?"

Rìlwánù yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Fàtíà, tó ti bá a gbé láti ọjọ́ yìí, tó mọ̀ pé bí ó bá fẹ́ béèrè omi mímu lásán, bákan náà ni ó máa ń rí, Fàtíà wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá Karimat, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣèèṣì ni, ẹ kúkú sọ. Kò sẹ́ni tó máa bínú." Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Rìlwánù lára ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún tí ó fi pa ẹnu mọ́, gbogbo pẹ̀lẹ́ tí kò sọ, gbogbo orúkọ tí ó pè sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Kò parí ìbúra náà. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Òrè, ó sì lẹ táyà títí ilẹ̀ fi ṣú láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ilé ẹ̀kọ́ ò fi ìyẹn dúró. Àwọn ọmọdé kì í rí irú ẹ̀ kí wọ́n gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n sọ Karimat ní "Kí-kí-kí." Àǹtí wọn, tí kì í ṣe ìkà, tó kàn ń kánjú ni, máa ń ní kí ó yára sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ní kí ó yára, ṣe ni ó tún ń há sí i. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ní kí ó kí àlejò tó wá wò wọ́n, gbogbo kíláàsì bá a kólòlò náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Àlejò náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín.

Karimat délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó jókòó. Fàtíà bi í pé kí ló jẹ nílé ẹ̀kọ́. Kò dáhùn. Fàtíà tún bi í. Ọmọ náà wò ó bí àgbàlagbà.

"Mi ò s-s-s-sọ̀rọ̀ mọ́, Mọ́mì," ni ó wí. "Bàbá kì í s-s-sọ̀rọ̀, w-wọn ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó sì pa ẹnu dé.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò gbàgbé. Ilẹ̀ mọ́, kò gbàgbé. Sàádátù ra àkàrà, ó ní bó bá sọ pé ẹ ṣé, òun á fún un sí i. Karimat kúnlẹ̀, ó gba ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó fi ìyókù sílẹ̀. Àzíìz ti gáréèjì wá, ó lu ògiri pẹ̀ẹ́ bí ẹni ń lu ọkọ̀, ó ní, "Karimat, ó ku ẹnì kan! Ta ló kù?" Ọmọ tí ó máa ń ké e ju òun lọ tẹ́lẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí. Bí ó bá fẹ́ omi, á fi ìka hàn. Bí ó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ wá, á gbá itan rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ṣe ń ṣe. Baba rẹ̀ ò fẹnu kọ́ ọ, a ò sì lè sọ pé kò kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Gbogbo wọn wà lójúde. Rìlwánù jókòó sórí àpótí, Karimat sì fara tì í, ó mú ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀ ló máa ń wà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan. Sàádátù jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó mú un lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Karimat mi, wí nǹkan kan. Ohunkóhun. Bú mi. Kàn wí nǹkan kan kí n gbọ́."

 Karimat gbé ojú sókè, ó wo baba rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń wo àgbà kí ó lè mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ó rí i pé ẹnu baba rẹ̀ pa dé. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun náà sì tún ẹnu tirẹ̀ pa dé dáadáa.

Ìgbà yẹn ni ó yé Rìlwánù. Kólòlò tí wọ́n ń sá fún, ó ti bá ẹ̀jẹ̀ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó pe ìrun. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yìí, òun ló fi kọ́ ọmọ, lójoojúmọ́, pẹ̀lú sùúrù. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè fi han ọmọ yìí pé ènìyàn lè kólòlò kí ó sì tún máa sọ̀rọ̀, kí ó máa ra ọjà, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó fẹ́ ìyàwó, kí ó bímọ, kí ayé má sì parí, òun náà ni wọ́n bẹ̀ kí ó fara pamọ́. Ó sì gbà fún wọn. Ìrònú náà dùn ún ju bí wọ́n ṣe ń pè é ní òpùrọ́ lọ.

Ó la ẹnu.

"Ka-Ka-Ka-Ka..."

Sàádátù na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ bo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ náà ò débẹ̀. Àzíìz la ẹnu láti bá a parí ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Fàtíà gbá a mú lápá, ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Ka-Ka-Karimat," ni Rìlwánù wí.

Ọmọ náà já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó fò dìde, ó sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ fi aṣọ ìyá àgbà bo ara.  Kò gbọ́ ohùn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Rìlwánù sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dáwọ́ dúró mọ́. "È-è-èmi ni. B-bàbá ẹ ni. Mo m-máa ń sọ̀rọ̀. B-báyìí ni mo ṣe máa ń s-sọ ọ́. W-wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. W-wọ́n ń fi mí ṣe é ní Ò-Òrè lójoojúmọ́, mo s-sì ń sọ ọ́. Má d-dákẹ́. Karimat, má d-dákẹ́ n-nítorí tèmi."

Ó pẹ́ kí ó tó sọ ọ́ tán. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ, ohùn kékeré kan jáde, tí wọn ò gbọ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

"M-Mà-Màmá," ni Karimat wí fún ìyá àgbà, "ta ló ń s-sọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá?"

Àzíìz, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kọjú sí ògiri. Fàtíà jókòó sílẹ̀ níbi tí ó wà, ó sì bú sẹ́kún. Sàádátù fọwọ́ kan orí ọmọ náà. 

"Bàbá ẹ ni," ni ó wí níkẹyìn. "Ohùn bàbá ẹ nìyẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó o gbọ́ ọ."

Ọmọ náà rọra yọ ojú kan jáde lẹ́yìn aṣọ. Kò wá, kò sì sá mọ́. Ó ń wo baba rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tó pe orúkọ rẹ̀ lójú títì.